Ẹ Wo Mítà Yín Kí Ẹ Tó Bínú

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé wa ní Co-op City, Bronx

  

Akọ̀wé wa ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí owó iná. Ó ní ó tó ẹni mẹ́ta nínú wa tí wọ́n ti pe òun lórí tẹlifóònù láìpẹ́ yìí, tí wọ́n ń bèèrè ohun tí ènìyàn ń ṣe bí ìwé owó iná bá ṣàdédé dé tí iye inú rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ ju owó ilé lọ. Mo gbà láti sọ ọ́. Èmi kì í ṣe amòfin, n kì í sì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni, mo sì hùwà tí kò dára nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ìtìjú yẹn ni n ó kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà n ó sọ ohun tí òfin wí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé inú Co-op City yìí ni èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé nígbà tí a dé Amẹ́ríkà. Nígbà náà a kì í rí ìwé owó iná. Owó iná ti wà nínú owó oṣooṣù tí à ń san fún Riverbay. Ènìyàn á fi ayọ̀ọ̀nù lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, á fi tẹlifíṣàn sílẹ̀ di òru, kò sí mítà kankan tí yóò wò ó lójú. A wá gbàgbé pé iná ní iye.

Ní oṣù kẹta ọdún 1996, iṣẹ́ gbé wa lọ sí apá òkè ìpínlẹ̀ New York yìí kan náà. A rẹ́ǹtì ilé kan tó jẹ́ pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń mú omi rẹ̀ gbóná, òun náà ló sì ń mú inú ilé móoru. Mítà rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a máa ń tì pa nítorí àwọn ọmọdé. Ìwé owó iná àkọ́kọ́ dé: $43.40. Ìkejì dé: $43.40. Ẹ̀kẹta náà, $43.40. Mo yọ̀ débi pé mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí, mo ń yangàn fún wọn pé òkè tí a wà yìí, iná ibẹ̀ ò wọ́n rárá. N kò bi ara mi léèrè bí ó ṣe jẹ́ pé nínú ooru àti nínú òtútù, iye kan náà ni à ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn káàdì kéékèèké kan ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo rò pé ìpolówó ọjà ni wọ́n, mo ń jù wọ́n nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, Ọlọ́run fún wa lọ́mọ. Ìyá ìyàwó mi wá láti Ṣágámù láti bá wa wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ òtútù apá ibẹ̀. A ra híítà kékeré kan sí yàrá Màmá, ó ń tàn án lálẹ́ kó lè rí oorun sùn.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1997, ìwé owó iná mìíràn dé. Mo ṣí i, mo sì tún un wò. $1,890. Owó ilé wa nígbà náà kò tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wo mítà, n kò ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ojú mi lọ sí yàrá Màmá. Mo dúró ní kíṣìnnì lóru ọjọ́ yẹn, mo ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ìyàwó mi pé híítà ìyá rẹ̀ yóò lé wa jáde nílé yìí. Mo rò pé Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá híítà náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ó ti yọ ọ́ lára iná, ó ti ká okùn rẹ̀ dáadáa, bí ẹni dá ohun àyálò padà. Màmá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ìró méjì lára rẹ̀ àti kóòtù mi àtijọ́ lórí rẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ó kí mi pé mo kú àárọ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn. Òru méjì ni obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún sùn nínú òtútù nínú ilé mi, nítorí ìwé tí n kò kà.

Ohun tí ìṣirò wí

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lójú. Mo mú ìwé náà lọ síbi iṣẹ́ láti fi ráhùn. Ó wò ó, ó sì ní kí n mú àwọn ti àtẹ̀yìnwá wá. Lára ìkọ̀ọ̀kan wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye mítà, wọ́n kọ lẹ́tà E kékeré kan. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò wo mítà mi. Wọ́n fojú bù ú ni. Ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa ń dá gbé, kì í sì í sí nílé nígbà òtútù. Ohun tí ẹni yẹn ń lò ni wọ́n ń kà sí wa lọ́rùn, àwa tí a jẹ́ ẹni márùn-ún. Àwọn káàdì tí mo ń jù nù sì ni èyí tí òṣìṣẹ́ wọn ń fi sílẹ̀ pé òun wá, òun ò rí ọ̀nà wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo mú ìwé àti bírò. Ọjọ́ tí a wọ ilé, mítà wà ní 41,206. Ní oṣù kìíní tí òṣìṣẹ́ wọn rí i gan-an, ó ti di 57,806. Èyí jẹ́ yúníìtì 16,600 láàárín oṣù mẹ́wàá. Yúníìtì 310 ni wọ́n fojú bù lóṣooṣù, ìyẹn 3,100 péré. Yúníìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtì 14. Gbogbo iná tí a lò jẹ́ $2,324, a ti san $434, ó ku $1,890. Owó náà pé. Iná tí a lò ni.

Mo wá ṣírò ti híítà Màmá. Híítà bẹ́ẹ̀ ń lo 1,500 wáàtì, ìyẹn yúníìtì kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ lálẹ́ jẹ́ yúníìtì 12. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ òru 42. Yúníìtì 504 ni, owó rẹ̀ kò ju $70.56 lọ. Nínú $1,890, $70.56 péré ni ti Màmá. Èyí tó kù, èmi àti omi gbígbóná mi àti ìyangàn mi ló ni ín.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. N kò lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ní, “Ọkọ ọmọ mi, ẹ dìde. NEPA tí mo fi sílẹ̀ ní Ṣágámù ń fojú bu owó fún wa lóṣooṣù. Mo ṣe bí ti Amẹ́ríkà máa ń wo mítà ni.” Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ìfojúbù kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi nìkan ni ìfojúbù ti fi ṣe ẹ̀sín rí. Ilẹ̀ tí a jókòó lé lórí yìí mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó kọ́ Co-op City gbé ìwé ìkéde jáde ní ọdún 1965 láti fi pe ènìyàn. Nínú ìwé náà, wọ́n fojú bù ú pé owó oṣooṣù yóò jẹ́ $23.02 fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùgbé àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 1968. Owó ilé-kíkọ́ ga ju bí wọ́n ti rò lọ, owó epo sì fò sókè lẹ́yìn ọdún 1973. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 1974, $23.02 ti di $39.68. Àwọn olùgbé 57 gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1975, ilé ẹjọ́ náà dá wọn lẹ́bi: ó ní ìpín tí wọ́n rà láti fi gba ilé kì í ṣe irú ìpín ìdókòwò tí òfin tí wọ́n gbé wá ń dáàbò bò.

Ní oṣù kẹfà yẹn kan náà ni wọ́n tún fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kún owó oṣooṣù wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n para pọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 1975 títí di oṣù keje ọdún 1976, oṣù mẹ́tàlá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé 15,372 tó wà níbí kọ̀ láti san owó náà fún àwọn aláṣẹ. Charles Rosen ni olórí wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn: wọn kò ná owó náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì wọn, tí wọ́n ń kó o jọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn. Nígbà tí ìjà parí, wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀kì náà jáde, àwọn olùgbé sì gba àkóso ilé wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín kọ̀ láti san owó iná o. Ẹni kan ṣoṣo tó bá kọ̀, wọn yóò gé iná rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí wọ́n fojú bù fún ọ lónìí kì í ṣe iye tí wàá san gbẹ̀yìn. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ìwé owó tó kéré jù yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù bí èyí tó pọ̀ jù.

Ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yìí wí

Òfin kan wà ní New York láti ọdún 1981 tí wọ́n ń pè ní Home Energy Fair Practices Act. Ilé tí ènìyàn ń gbé ni ó wà fún, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a yín yọ ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ àti nínú ìlànà tó tẹ̀ lé e.

Èkíní, ìwé owó iná gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n wo mítà tàbí wọ́n fojú bù ú. Ẹ máa wá a lára ìwé yín lóṣooṣù.

Èkejì, bí wọ́n bá wá wo mítà, tí iye tòótọ́ sì fi $100 tàbí ìdajì ju ohun tí wọ́n ti fojú bù lọ, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọ pé o ní ẹ̀tọ́ láti san àlékún náà díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó kéré jù tí wọ́n lè fún ọ.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ilé-iṣẹ́ ni wọn kò fi kọ ìwé owó sí ọ rárá, wọn kò lè bèèrè owó iná tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ kí ìwé àkọ́kọ́ tó dé. Bí wọ́n bá sì ti kọ ìwé tẹ́lẹ̀, wọn kò lè padà fi owó kún un lẹ́yìn oṣù méjìlá, àfi bí ẹ̀bi kò bá jẹ́ tiwọn. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa bíi tèmi, ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má tan ara yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè bèèrè fún àdéhùn ìsanwó díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fi hàn wọ́n bí owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ṣe rí, àdéhùn náà lè lọ sílẹ̀ dé $10 lóṣù láìsan owó ìbẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá wà nínú ilé, ìwé dókítà lè dá gígé iná dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí o kò bá gbà pé iye náà tọ́, kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn ilé-iṣẹ́ iná fúnra wọn. Bí wọn kò bá gbọ́, Department of Public Service ti ìpínlẹ̀ yìí ń gba ẹjọ́ lórí nọ́ńbà 1-800-342-3377, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹjọ́ náà bá ṣì wà níwájú wọn, a kò gbọdọ̀ gé iná rẹ nítorí owó tí ẹ ń jiyàn lé lórí, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ máa san èyí tí kò sí iyàn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Báwo ni tèmi ṣe parí? Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kí n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúpẹ́, mo gba orúkọ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, mo ní mo fẹ́ bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, mo sì ka nọ́ńbà mítà àti ìṣirò mi fún un. A fẹnu kò sí $210 lóṣù fún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ ṣe é kí ẹ rí i: $1,890 géérégé ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe nílé

Ọjọ́ tí ẹ bá wọ ilé tuntun, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ lọ wo mítà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Lóṣooṣù, ẹ tún kọ ọ́. Bí mítà bá jẹ́ èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago, ẹ rántí pé àwọn aago rẹ̀ kì í yí sí apá kan náà, ìkan á yí sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á yí sí òsì. Bí ọwọ́ bá wà láàárín nọ́ńbà méjì, èyí tó kéré ni kí ẹ kọ. Bí ó bá wà láàárín 9 àti 0, 9 ni.

Lóòótọ́, Con Edison bẹ̀rẹ̀ sí í fi mítà tuntun tó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí àwọn ilé ní ọdún 2017, èyí sì ti dín ìfojúbù kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè dákẹ́. Gbogbo wa kọ́ sì la ní irú rẹ̀, gbogbo wa kọ́ la sì ń gbé inú ìlú yìí. Bí ìfojúbù bá fara hàn lórí ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹ pè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó iná ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín nílé, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Orúkọ ti yí padà láti NEPA sí PHCN ní ọdún 2005, ìjọba sì ta àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ọdún 2013, síbẹ̀ ẹni tí kò ní mítà ni wọ́n ń fojú bu owó fún. Ní ọdún 2020, NERC fi ààlà sí iye tí wọ́n lè fojú bù. Owó mítà tí ẹ bá san lẹ́ẹ̀kan fún Màmá sàn ju ọdún mẹ́wàá tí ẹ ó fi máa jiyàn. Ẹ sì sọ fún àwọn ẹbí yín ní Lọ́ńdọ̀nù pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, òfin Ofgem kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ iná padà wá bèèrè owó tó ti ju oṣù méjìlá lọ bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ilé yín, ènìyàn kan á wà nínú ilé tó rọrùn láti dá lẹ́bi. Ó lè jẹ́ ìyá tó wá wẹ ọmọ, ó lè jẹ́ àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì ríṣẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ tó máa ń gbàgbé láti pa iná. Ẹni tí kò lè fèsì ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wo mítà. Ẹ mú bírò. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ ó rí i nínú nọ́ńbà, ẹ ó sì lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Màmá ti lọ sinmi. Ọmọ tí ó gbé mọ́ àyà lọ́jọ́ náà ti dàgbà, ó ti ní ilé tirẹ̀. Nígbà tó kó wọlé, n kò fún un ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Mo fún un ní ìwé kékeré kan àti bírò, ìyàwó mi sì ra híítà kan fún un. Ó ní ti yàrá àlejò ni.

  Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé owó iná wá, n ó wà ní tábìlì ẹ̀yìn yẹn títí a ó fi jẹun tán. Ọlọ́run kò ní fi òkùnkùn ṣe ilé wa. Àṣẹ.